Ẹyin Tí Ìwé Ìjọba Ń Yé

Ní àgbàlá àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe bóòtù àti nọ́ọ̀tì irin, ní ìwọ̀-oòrùn ìlú Shenyang, bí òórùn ẹyin díndín bá ta sáfẹ́fẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀, kò sí ẹni tó ń béèrè ilé tó ti ń wá. Ilé Luan ni. Àwọn yòókù a máa jẹ kábéèjì kíkan láti oṣù kọkànlá títí yìnyín fi máa yọ́, wọn a sì máa parọ́ fún ara wọn pé ó ń tún ikùn ṣe. Tong Fengxian, ìyàwó ilé Luan, a máa din ẹyin mọ́ àlùbọ́sà eléwé, a gbé e síwájú ọkọ rẹ̀, ọkọ a jẹ ẹ́ tán, a nu ẹnu, a sì bẹ̀rẹ̀ ìwàásù.

"Ṣé o rí i?" Luan Zhenbang a wí fún Xiuya, ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ògiri ló ń kọjú sí, torí ògiri náà fẹ́lẹ́, ó sì mọ̀ pé ilé kejì ń gbọ́. "Àwọn tó ń ta ìwé ìjọba, kábéèjì ni wọ́n ń jẹ. Àwa tí a fi tiwa pamọ́, ẹyin là ń jẹ. Ẹni tó mọ owó ṣún ná ni."

Fengxian a tẹ orí ba, a máa fọ àwo. Ẹ̀jẹ̀ ń bẹ nínú, itọ́ funfun là ń tu jáde. Ìwé ìjọba tí ọkọ rẹ̀ ń fi yangàn yẹn gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ tán pẹ̀lú àlùbọ́sà.

Gbèsè ni ìwé náà. Ọdún 1982 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í yá owó lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ lọ́dọọdún, tó sì ń fún wọn ní ìwé pélébé kan tó jọ owó ṣùgbọ́n tí kò ṣeé ná, tí èèyàn kò sì gbọdọ̀ tà. Èèyàn á tọ́jú rẹ̀ fún ọdún márùn-ún, àwọn mìíràn di ọdún mẹ́wàá, kí ìjọba tó san án padà pẹ̀lú èlé. Àtinúwá ni rírà rẹ̀. Ní ìpàdé ọ̀sán Sátidé ni wọ́n máa ń kéde àtinúwá náà. Wọ́n á lẹ orúkọ gbogbo èèyàn mọ́ ògiri lórí ìwé pupa, pẹ̀lú iye tí inú oníkálukú wá láti rà, ibẹ̀ sì ni oníkálukú ti máa ń kọ́kọ́ mọ̀ pé inú òun wá a. Tó bá yá, wọ́n á yọ ọ́ nínú owó oṣù kí ọwọ́ tó kàn án. Gbogbo ènìyàn á pàtẹ́wọ́. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

Luan ni olórí ẹgbẹ́ àwọn mẹ́rìnlá tó ń rọ bóòtù lórí ẹ̀rọ, òun ni iṣẹ́ ìparọwà já lé léjìká. Kò sì lè ní kí ẹlòmíràn ra ogójì yúànì kí òun náà ra ogójì. Ọgọ́rùn-ún ló máa ń rà, lọ́dọọdún, èyí tó ju owó oṣù rẹ̀ lọ. Inú agolo bisikíìtì kan ló ń kó wọn sí, lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Láti ọjọ́ tó bá ti kó wọn sí i, ó di ọdún tuntun kó tó tún fọwọ́ kàn án: á gbé agolo náà sọ́wọ́, á wọ̀n ọ́n bí ẹni wọn ọmọ tuntun, á nu eruku orí rẹ̀, á sì dá a padà.

Fengxian kò bẹ̀rẹ̀ nítorí ojúkòkòrò, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí kí ẹnikẹ́ni má baà bú u. Ní ìgbà òtútù ọdún 1983, ìyá Luan ti abúlé wá pẹ̀lú ikọ́ tí kò jẹ́ kó sùn. Dókítà ní kí wọ́n fún un ní ẹyin àti omi ẹran. Ó rọrùn fún dókítà láti sọ. Ibi tí Fengxian ti ń rán ìbọ̀wọ́ àwọn òṣìṣẹ́, owó oṣù rẹ̀ kò kọjá ogójì, ti ọkọ rẹ̀ sì ti di àtinúwá. Ó gbé àga, ó gùn ún, ó mú ìdì kan nínú agolo, ó fi í sábẹ́ ìgò òfìfo mẹ́fà nínú apẹ̀rẹ̀, ó sì kọrí sí ẹ̀yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Ibẹ̀ ni Sui Laosan ti máa ń ra ìgò òfìfo lórí kẹ̀kẹ́. Ẹni tó bá wò ó dáadáa á rí i pé ìgò inú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kì í pọ̀ sí i láti òwúrọ̀ dalẹ́. Àádọ́rin yúànì ló san lórí ọgọ́rùn-ún.

Ìyá ọkọ jẹ ẹyin, ikọ́ lọ, ìyá padà sábúlé. Ṣùgbọ́n ẹyin ti mọ́ Luan lẹ́nu. Bí Fengxian bá dá a dúró, Luan á béèrè ohun tó dé. Nítorí náà, bí ọdún bá ti yí po, tí ọkọ bá ti kó ìwé tuntun wọlé, ìyàwó á gé ìwé ìròyìn ilé-iṣẹ́ sí ìwọ̀n ìwé ìjọba, á dì í sínú bébà kan náà tí ọkọ fi di tirẹ̀, á fi rọ́pò rẹ̀. Ó máa ń gé e dáadáa. Ọwọ́ aránṣọ ni.

Ohun kan ṣoṣo tó fẹ́ rà fún ara rẹ̀ nínú gbogbo rẹ̀ kò tíì délé. Láti ọdún tó ti wọlé ọkọ ló ti ń fẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ tirẹ̀, tí á gbé sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Díẹ̀díẹ̀ ló ń fi kún owó rẹ̀ nínú áńkáṣíìfù kan tó so ní kókó, lábẹ́ ẹní orí ibùsùn bíríkì tí wọ́n ń dáná sínú rẹ̀ nígbà òtútù.

Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1987, ilé-iṣẹ́ fún Luan ní ìwé ẹ̀rí àwòkọ́ṣe: ẹni tí kò ta ìwé ìjọba rí. Ó gun orí pèpéle nínú bàtà aláṣọ rẹ̀ àtijọ́, èyí tí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún ti ń yọjú lẹ́nu rẹ̀. Ìwé ìròyìn ilé-iṣẹ́ ya bàtà náà tóbi ju orí Luan lọ. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹsẹ̀ tó ń rìn nínú irú bàtà yìí kò lè ṣìnà.

Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn tí Luan fi ọ̀já pupa àwọn ẹ̀ṣọ́ àdúgbò sápá, tó kó ọlọ́pàá méjì lẹ́yìn lọ sí ẹ̀yìn ibùdó ọkọ̀, tí wọ́n sì mú Sui Laosan pẹ̀lú ìwé ìjọba tó kún ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Sui lò ní àtìmọ́lé. Fún ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà, Fengxian ń dúró kí wọ́n wá kan ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó kàn án. Sui kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Nígbà tó jáde, ó kàn sún kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sí igun kejì ibùdó ọkọ̀ ni.

Ó wá di oṣù kẹrin ọdún 1988. Ọ̀gá Àgbà Hao, olùdarí ilé-iṣẹ́, pe gbogbo èèyàn sípàdé, títí kan àwọn obìnrin aránbọ̀wọ́ tí wọ́n máa ń jókòó lẹ́yìn tí wọ́n á máa hun súwẹ́tà.

"Ìjọba ti tún ètò owó ṣe," Hao wí. "Wọ́n mú àwọn ìlú kan, tiwa wà nínú wọn. Ẹni tó bá ní ìwé ọdún 1985 àti 1986 lè gbé e lọ sí káńtà ìjọba báyìí kó tà á ní gbangba, ní iye tí ọjà bá pè. Títà ti di ìlọsíwájú."

Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rìnlá Luan dìde. "Ọ̀gá Àgbà, èmi tí mo ta tèmi lọ́dún tó kọjá ńkọ́? Ẹ gé owó ẹ̀bùn mi."

"O tà á kí ìlọsíwájú tó dé," Hao dáhùn. "Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ nìyẹn. Jókòó."

Lẹ́yìn náà ló kéde pé ní ọjọ́ Ẹtì, àwọn aláṣẹ ìlú ń bọ̀ wá ṣí káńtà, oníròyìn ń bọ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà, wọ́n sì fẹ́ òṣìṣẹ́ kan tí yóò kọ́kọ́ tà. "Ta ló yẹ kó kọ́kọ́ tà bí kò ṣe ẹni tí kò tà rí? Luan!"

Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Luan dìde, kò rọrùn fún un. "Ọ̀gá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn bọ́ síwájú. Ọdún mẹ́fà ni mo fi sọ ọ́ fún wọn pé ẹni tó ta ìwé ìjọba kẹ̀yìn sí orílẹ̀-èdè. Ojú wo ni mo fẹ́ fi…"

"Ti àná nìyẹn. Gbé agolo rẹ yẹn wá lọ́jọ́ Ẹtì, gbogbo ìlú ló ti gbọ́ nípa rẹ̀."

Abẹ́rẹ́ ìhunṣọ bọ́ lọ́wọ́ Fengxian, ó yí lọ sábẹ́ bẹ́ǹṣì. Kò bẹ̀rẹ̀ mú un.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Luan jẹ ẹyin rẹ̀ láìwàásù. Nígbà tó jẹ ẹ́ tán, ó ní, "Agolo yẹn. Kó o bá mi sọ̀ ọ́ kalẹ̀ tó bá di ọjọ́ Ẹtì."

"Ẹ̀yin lẹ máa ń gbé e fúnra yín."

"Eékún ń dùn mí." Ó wo ojú àwo rẹ̀. "Ọjọ́ mẹ́fà ló kù."

Fengxian kò sùn. Bí agolo náà bá ṣí lójú kámẹ́rà, gbogbo Shenyang ni yóò rí i pé ìwé ìròyìn ni àwòkọ́ṣe wọn ń tọ́jú. Wọ́n á gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á fi í ṣe ẹlẹ́yà títí yóò fi fẹ̀yìntì, ọkùnrin yìí tí kò ní nǹkan mìíràn láyé ju orúkọ tí wọ́n fi ń pè é lórí pèpéle. Òun Fengxian ló sì ṣe é. Ilẹ̀ mọ́, ó tú kókó áńkáṣíìfù abẹ́ ẹní.

Sui Laosan ti pààrọ̀ aṣọ. Kóòtù òyìnbó ló wọ̀, àmì ilé-iṣẹ́ tó rán an ṣì wà lápá rẹ̀ níta, kó baà hàn pé tuntun ni. Ó ń fi eyín pa èso sunfláwà.

"Ìyàwó wa! Ìgò ni àbí ìwé?"

"Mo fẹ́ rà ni."

Èèpo sunfláwà bọ́ lẹ́nu Sui. "Ẹ fẹ́ rà. Ìyàwó Ọ̀gá Luan fẹ́ ra ìwé ìjọba. Ní àtinúwá?"

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, Sui. Ìwé oníyúànì mẹ́wàá, ogún ẹyọ. Mẹ́wàá ti 1985, mẹ́wàá ti 1986."

"Ó wà. Wọ́n ní ọgọ́rùn-ún lé mẹ́rin ni káńtà máa rà á lórí ọgọ́rùn-ún. Èmi á tà á fún yín ní ọgọ́rùn-ún lé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

"Ta ló ń ra nǹkan ju iye tó fẹ́ tà á lọ?"

"Ẹni tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀." Sui tún ju èso kan sẹ́nu. "Ẹ má bínú, ìyàwó wa. Èlé ni mo fi lé e. Ọkọ yín yá ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́wọ́ mi lọ́dún tó kọjá, lórí sìmẹ́ńtì tútù. Ẹ sọ fún un pé mo ti gba èlé, ojú owó ló kù."

Fengxian ka owó ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Kò sunkún níbẹ̀. Ó kàn béèrè ohun tó ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn láti ọdún kan. "Kí ló dé tí o ò dárúkọ mi fún ọlọ́pàá?"

"Oníṣòwò wo ló ń ta oníbàárà rẹ̀? Yàtọ̀ síyẹn, tí mo bá ní ìyàwó Luan ni, ta ló máa gbà mí gbọ́? Wọn ì bá fi ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mìíràn kún un."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Fengxian fi òwú pupa di ogún ẹyọ ìwé náà, ó gbé e lé orí àwọn ìdì ìwé ìròyìn. Ó ti pinnu pé ìdì òkè yìí nìkan ni ọkọ òun yóò mú lọ nínú àpò. Ṣùgbọ́n dírẹ́bà Ọ̀gá Àgbà Hao ló dé, ó ní ọ̀gá ní kí wọ́n gbé agolo fúnra rẹ̀ wá, torí fọ́tò. Luan wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wo ilẹ̀. Ó gbé agolo sí abíyá, ó lọ. Fengxian da ṣọ́ọ̀lù borí, ó sáré tẹ̀lé wọn.

Wọ́n ti yin báńgà ayẹyẹ tán níwájú káńtà, èéfín rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Àwọn tó tò sílẹ̀ gùn dé títì, Sui Laosan wà níwájú wọn pẹ̀lú báàgì dúdú kan tó wú bí ikùn aboyún, ọlọ́pàá tó mú un lọ́dún tó kọjá sì ń bá a ti àwọn èèyàn sẹ́yìn kí wọ́n má fún un mọ́ ògiri. Luan dé iwájú káńtà. Ó ṣí agolo díẹ̀, ó ki ọwọ́ kan bọ̀ ọ́, ó mú ìdì òkè jáde. Ọmọbìnrin inú káńtà kà á, ó wò ó lódì kejì, ó ní ó pé. Kámẹ́rà tàn. Èémí tí Fengxian ti há mọ́yà láti ọjọ́ mẹ́fà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ni oníròyìn ké sí Luan.

"Bàbá, ẹ da ìyókù sórí káńtà, kí ayé rí i pé ó kún!"

"Dà á síta, Luan," Hao wí. "Má tijú."

Luan fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo orí agolo. Láti àárín èrò, Fengxian rí i tí etí ọkọ rẹ̀ pọ́n.

"Ti ọdún 1985 àti 1986 nìkan ni ìjọba ní kí a tà," ó wí. "Ohun tí ìjọba kò tíì ní kí n gbé síta, n kò ní gbé e síta."

Hao ló bẹ̀rẹ̀ àtẹ́wọ́, àwọn aláṣẹ ìlú gbà á, èrò gbà á. Sui Laosan ló pa tirẹ̀ pẹ́ jù.

Nígbà tí wọ́n délé, Luan ti ilẹ̀kùn. Ó gbé owó tó gbà ní káńtà sórí tábìlì, ó gbé agolo sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìdì ìwé ìròyìn jáde níkọ̀ọ̀kan, láìyà á lẹ́nu, bí ẹni tó ti kí wọn rí. Ó tú ọ̀kan. Fọ́tò bàtà rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀.

Fengxian kò lè pa á mọ́ra mọ́. "Bàbá Xiuya, mi ò ná an ní ìná àpà. Ẹ̀yin lẹ jẹ ẹ́. Ẹyin ni mo fi rà."

"Mo mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n fún mi ní ìwé ẹ̀rí."

Ó lé ní ọdún kan. Fengxian wá ìjókòó. "Ìdí tí ẹ fi lọ mú Sui nìyẹn?"

"Mo ní bí wọ́n bá mú un, o ò ní rẹ́ni tà á fún mọ́."

"Ẹ sì ń jẹ ẹyin lọ!"

"Ẹyin náà dùn."

"Ẹ tún jẹ́ kí n gbé owó ẹ̀rọ ìránṣọ mi sáré lọ sẹ́yìn ibùdó ọkọ̀!"

"Mo mọ̀ pé wàá rí i rà. Èmi ò mọ ọ̀nà ibẹ̀."

"Ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa! Ẹ̀yin lẹ mú ọlọ́pàá débẹ̀!"

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, Fengxian sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń rí i. Ọkùnrin yìí kì í ṣí agolo láàárín ọdún. "Bàbá Xiuya. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kẹ́ ẹ gba ìwé ẹ̀rí. Kí lẹ gun orí àga lọ wá nínú agolo?"

Luan wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Bàtà," ó wí. "Wọ́n ní n máa gun orí pèpéle. Àtàǹpàkò mi ń yọ síta. Mo ní kí n ta ìdì kan péré, kí n fi ra bàtà aláwọ."

Fengxian rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, nígbà tó yá, òun náà kò mọ èyí tí òun ń ṣe nínú méjèèjì. Àánú rẹ̀ ṣe é. Inú sì ń bí i sí i, gidi. Lọ́jọ́ kejì, ó mú nínú owó orí tábìlì, ó ra bàtà aláwọ dúdú kan. Ìyókù ló so padà sínú áńkáṣíìfù, kókó náà ti fúyẹ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ilé-iṣẹ́ tún pe Luan sórí pèpéle, kí wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀rí tuntun: ẹni tó mọ ìgbà títà, tó sì mọ ìgbà àìtà. Ó wọ bàtà tuntun rẹ̀ lọ. Ọ̀gá Àgbà Hao bojú wolẹ̀, ó rí i, ojú rẹ̀ yí padà.

"Kí nìyí? Oníròyìn ti dé. Bàtà aláṣọ yẹn làwọn èèyàn mọ̀ ọ́n mọ́! Ìyá Xiuya, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sáré lọ mú un wá."

Fengxian lọ sílé. Ó rí bàtà náà níbi tó máa ń wà, lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ṣí ẹnu ààrò ibùsùn bíríkì, ó kọ́kọ́ kó gbogbo ìwé ìròyìn inú agolo síbẹ̀, ó ṣáná sí i, ó ju ẹsẹ̀ òsì lé e, ó ju ẹsẹ̀ ọ̀tún tó lu lé e. Ó dúró títí ó fi jó tán. Lẹ́yìn náà ló fọ ọwọ́, ó padà síbi ìpàdé.

"Mi ò rí i, Ọ̀gá Àgbà," ó wí.

Luan gun orí pèpéle, bàtà aláwọ náà ń dún bí ó ti ń rìn. Hao pe oníròyìn sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sọ̀rọ̀ sí i létí. Fọ́tò náà jáde ní ọjọ́ kẹta, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́ tóbi. Láti ìgbánú lọ sókè ni wọ́n ti yà á. Ọkọ Fengxian kò ní ẹsẹ̀ nínú rẹ̀.